Fírísà Yín Ṣì Wà Níbẹ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ta jẹnẹrétọ̀ yín. Ẹni tó rà á tú u palẹ̀ lójú mi lórí afárá pákó iwájú ilé wa ní Ugbonla, ó kó irin rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ sí Igbokoda. Mi ò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń ṣọ̀fọ̀, títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Sólà ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀ bá ti fi mí ṣẹlẹ́yà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń tan gbogbo gílóòbù sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ kọjá lè mọ̀ pé ilé olówó nìyí. Rédíò á máa bá àga òfìfo sọ̀rọ̀, fáànù á máa fẹ́ ògiri. Mo ti yọ àwọn gílóòbù yín tó ń gbóná bí ààrò, mo fi èyí tí kì í gbóná sí i. Fírísà yín nìkan ló ń jẹ iná ju gbogbo ilé lọ, torí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti ya láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ ò tún un ṣe rí. Bẹntiróòlù ni ẹ fi ń dí ihò náà.

Ṣé ẹ rántí àsìkò ìjà odò, tí àwọn ọ̀tá ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì wá kógun ja àwọn ìlú etí omi? Àwọn àgbà ìlú ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò pé tí oòrùn bá ti ń wọ̀, kí gbogbo ilé pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n pa rédíò, kí ọmọdé má pariwo. Etí ni a fi ń ṣọ́lé nígbà náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àjèjì á fi àjẹ̀ lu pákó afárá, ilé kejì á gbọ́, òun náà á lu tirẹ̀, títí ìró náà á fi dé ìpẹ̀kun ìlú, tí kálukú á sì bọ́ sínú ọkọ̀ sá wọgbó. Gbogbo ìlú gbà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀. Ẹja á bàjẹ́. Gbólóhùn kan yẹn ni ẹ fi dá àwọn àgbà lóhùn, òun náà lẹ tún sọ fún Ìyá mi nígbà tó kúnlẹ̀ bẹ̀ yín.

Ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọ̀tá náà dé, Ìyá mi ń ro púpurú fún oúnjẹ alẹ́ lẹ́yìn ilé. Èmi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní apá kejì ìlú. A gbọ́ àjẹ̀, a sá. Àwọn aládùúgbò yín lu pákó títí ọwọ́ wọn fi bó, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ yín ń ké. Ta ló máa sáré wọlé wá pè é, nígbà tí kálukú ń wá ọmọ tirẹ̀? Ẹ̀yin ti lọ ra bẹntiróòlù ní Igbokoda. Ìyá mi ì bá ti pa jẹnẹrétọ̀ náà, àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín? Nígbà tí a padà dé, ó ṣì ń ké. Ẹja yín tutù. Ìyá mi náà ti tutù.

A sin ín sí Araromi, nílé bàbá rẹ̀. Òkun ti gba ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé èéfín irú ẹ̀rọ yẹn, láti ilé gbogbo láyé, wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná tí òkun fi ń ga sí i. Mi ò ní di ẹ̀bi òkun ru ẹ̀yin nìkan. Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró létí omi náà, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ̀rọ yín pa á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wá mọ èyí tó burú jù. Bátìrì sólà kò lè gbé fírísà mọ́jú, nítorí náà ẹni tó bá mi so sólà náà kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é: kí oòrùn gbé e lọ́sàn-án, kí n pa á nírọ̀lẹ́, kí n fi nǹkan tó nípọn bò ó, kí n má sì ṣí i. Mi ò gbà gbọ́. Mi ò tíì pààrọ̀ rọ́bà yín tó ya. Mo kó ẹja kún un, mo fi okùn ọkọ̀ dì í, mo fi kúbùsù Ìyá mi bò ó, mo pa á bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i.

Ẹja le bí òkúta. Mo fi ọbẹ lù ú, ó dún. Mo jókòó lórí pákó, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹja náà ò ní bàjẹ́? Nígbà ọ̀wọ́n epo, tí jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń fi àpò ìrẹsì bo fírísà yẹn? Ẹja wo la dà nù rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì?

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tiyín ò dákẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin Ìyá mi, ẹ ò fi ẹja kan ẹnu mọ́ títí ẹ fi kú. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀bi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ máa ń yọ eegun ẹja fún kí ẹ tó bù ú sínú àwo. Mo fẹ́ràn yín. Mi ò dárí jì yín.