Lórí Itẹ́ Òkú Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

Ìlọrà,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, 1994.

Ẹ̀gbọ́n mi Olúbùkọ́lá,

Èmi Ìyìn, ọmọ Tíṣà Olúbọ̀dé, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí ní orúkọ ìyá yín, Màmá Beatrice, àti gbogbo agbo ilé yín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́; n kò yọ ohunkóhun kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n níbì kan.

Màmá ní kí n kí yín kú iṣẹ́, kú ìfaradà Ìbàdàn. Olúwa kò ní jẹ́ kí iná ilé tàbí ti títì mọ orúkọ yín. Àlàáfíà la wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti gbin àgbàdo, ewúrẹ́ dúdú sì bí ìbejì, Màmá ní ọ̀kan nínú wọn lágídí bíi tiyín.

A ka lẹ́tà yín nípa ilé ìtajà ọ̀dà tó jóná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yín, bí iná ṣe fo ògiri wọ itẹ́ òkú níbi tí wọ́n sin bàbá Màmá, Bàbá Obadiah, sí nígbà tí wọ́n kú sí Ìbàdàn. Màmá kò sunkún. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi mí. Ẹ ní àwọn alàgbà ti ibẹ̀ pa kí ilẹ̀ lè sinmi. Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀ tó bá sinmi tán, àti ibi tí wọ́n kó àwọn òkú lọ ná, nítorí ní oko tiwa a kì í fi nǹkan sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tó ń sinmi. Ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé eérú ń ba ará Ìbàdàn nínú jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí eérú bá wà ni àgbàdo wa ti ń ṣe dáadáa jù.

Ẹ tún ní Kọ̀ǹpútà ni yóò máa tọ́jú orúkọ gbogbo òkú. Màmá béèrè bóyá Áńgílíkà ni àbí Onítẹ̀bọmi, àti ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà tí òun náà bá kú. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ìbéèrè náà.

Alhaji Yúnúsà aládùúgbò wa wá kí wọn kú ewu iná, ó sì béèrè bóyá àwọn òkú rí ibi sá sí. Màmá fèsì pé bàbá òun kò sá fún nǹkan kan rí, àfi ejò.

Ṣùgbọ́n òpin lẹ́tà yín ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ ní àwọn òkúta orí sàréè ti fọ́, orúkọ kò hàn mọ́, ẹ kò sì dá ti Bàbá Obadiah mọ̀. Pé sàréè tí ẹbí kankan kò bá wá tọ́ka sí, wọn yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọn yóò gbin koríko lé e. Ẹ wá fi kún un pé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, òdòdó funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ṣàdédé hù nídìí ògiri, ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, àwọn òṣìṣẹ́ sì fẹ́ hú u dànù.

Màmá ní kí n tún un kà. Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí kò ṣeé ṣe láti gbé òkú Bàbá wálé, ìyá òun bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí sínú igbá, ó rù ú lọ sí Ìbàdàn, ó dà á lé wọn lórí, kí wọ́n lè sùn sínú ilẹ̀ ilé wọn. Òdòdó kan náà ló kún ẹ̀yìnkùlé níhìn-ín. Wọ́n ní, “Kọ ọ́ kó hàn gbangba: bàbá mi nìyẹn.”

Kí Ọlọ́run tó mú un hù láti inú eérú máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín.

Nítorí náà, ní orúkọ Màmá àti agbo ilé, a ń béèrè pé kí ẹ má jẹ́ kí ọkọ́ kan ibẹ̀. Kí ẹ sọ fún àwọn alàgbà pé ẹbí ti tọ́ka. Kí ẹ sì fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí Màmá lè wá fọwọ́ ara wọn tọ́ka sí i. Kí èsì yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí kò bá dé, lọ́jọ́ Ajé Màmá ń bọ̀ pẹ̀lú àpótí ìjókòó wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ hú òdòdó náà yóò kọ́kọ́ gbé òun dìde.