Làpálàpá Lórí Dára

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mummy Dára mú ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu pé kí n dirun fún un. Bí mo ṣe ya irun náà, làpálàpá ni mo rí, roboto, irun ibẹ̀ ti já.

"Aunty, ẹ ṣáà dì í bò ó."

Mo ní, "Mi ò lè dì í. Ó ń ràn. Ẹ gbé e lọ rí dókítà."

Ó fìbínú fa ọmọ jáde. Mo fi bílíìṣì fọ gbogbo ooyà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán ni. Ó ń sunkún. "Aunty, ó wà lórí èmi náà, lábẹ́ wíìgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn wá lọ sọ́sibítù lọ́la."

Mo ní màá sìn wọ́n. Àmọ́ orí tèmi náà ń yún mi báyìí. Bóyá ẹ̀rù lásán ni...