Ìgò Orogún Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń bá mi tọ́jú àwọn ọmọ ń gbọ́ ètò yín.

Aránṣọ ni mí. Èérún aṣọ dídán tí mo gbá dànù ní ṣọ́ọ̀bù ni ọmọbìnrin yìí àtàwọn ọmọ mi kó sínú ìgò omi. Ó ní tínú bá ń bí wọn, kí wọ́n mì ín, kí wọ́n máa wò ó títí yóò fi rọlẹ̀. Látìgbà náà, ẹni tó bá ṣubú kì í sunkún wá bá mi mọ́. Ìgò ni wọ́n ń sáré lọ gbé!

Lánàá, mo jágbe mọ́ wọn. Àbíkẹ́yìn mi bá gbé e wá: "Màmá, ẹ mì ín."

Mo mì ín. Èérún rọlẹ̀, inú mi ò rọ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo lèèyàn ṣe ń bá ìgò jorogún?