Mi Ò Ní Í Kó Kúrò Nílé Mi

Òpópónà Fern,
Burnley.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1994.

Alison ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Graham ọkọ rẹ, mo sì fi ẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù Bristol kò da ọmọ láàmú jù? Ara tèmi le, orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, ìyẹn sì ti pẹ́.

O bi mí léèrè ọjọ́ tí màá kó wá sọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ pé ẹ ti kun yàrá kékeré sílẹ̀ dè mí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dá ọ lóhùn.

Láti ìgbà tí onílé ti fi kún owó ilé, owó iṣẹ́ mi kò ká a mọ́. Èèyàn mélòó ló lè fi iṣẹ́ ká máa fi ọ̀pá dá ọkọ̀ dúró láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí àwọn ọmọ iléèwé lè sọdá, san irú owó bẹ́ẹ̀? Winnie ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní kí n lọ gba owó ìrànwọ́ ilé ní káńsù. Mo ní ìyẹn wà fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ nígbà yẹn, Doreen, kí wọ́n lè fún ọ." Inú bí mi. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń fi ọ̀pá náà dúró lójú títì, ọkọ̀ kankan kò sì kan ọmọ kankan níbẹ̀ rí. Ó yá mi lára kí n wá sùn nínú yàrá kékeré yín ju kí n jọ̀wọ́ ọ̀pá mi nítorí owó káńsù lọ.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ilé mi, ibẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ ti lo ayé wa. Mo wá pinnu pé màá lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ní káńsù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni píánò mi. O mọ ìtàn màmá mi àgbà, bí ilé ìhunṣọ ṣe kógbá wọlé, tí ọkùnrin ìjọba wá ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn kiri, tó ní kí wọ́n lọ ta píánò ná kí wọ́n tó wá béèrè ìrànwọ́. Wọ́n tà á, màmá àgbà kò sì kọrin nínú ilé yẹn mọ́. Mo ní tèmi kò ní í bá tiwọn lọ.

Ni mo bá bẹ Keith ọmọ Winnie àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá mi ti píánò lọ sílé Winnie. Ọ̀sán Sátidé ni, nínú òjò. Ó há sẹ́nu ọ̀nà, ìdajì nínú ilé, ìdajì níta, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wòran. Ọ̀gbẹ́ni Clegg aládùúgbò wa bi mí bóyá mo fẹ́ kó lọ ni. Mo ní Winnie ló fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Winnie tí kò lè kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan délẹ̀ kó má ṣì í.

Ní Mọ́ńdè, mo wọ kóòtù mi tó dáa jù, mo gba káńsù lọ. Ọmọbìnrin kan tó fi ìborùn funfun borí ló dá mi lóhùn. Kó tó sọ ohunkóhun, mo ti ní kò sí píánò nílé mi. Ó ní, "Píánò wo, Màmá?" Mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá tú ilé mi. Owó tó ń wọlé fún mi, èyí tí mo ní ní báńkì àti iye tí mò ń san fún onílé ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Mo bi í bóyá dandan ni kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo sì jẹ́ kó mọ̀ pé n ò tọrọ jẹ rí láyé mi. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ta ló ní ẹ̀ ń tọrọ? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí owó ẹ̀ ò ká owó ilé náà wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń dá tírélà dúró fún èmi àti àbúrò mi ni? Ẹ má fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ o."

Shazia lorúkọ rẹ̀. Mo tún un wò dáadáa, mo sì dá ojú rẹ̀ mọ̀. Alison, mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kì í ṣe gbogbo owó ilé ni wọ́n ń san, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ mi ká èyí tó kù. Píánò ti padà sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀ díẹ̀. Ní Fúráìdé tí onílé wá gbowó, n ò dúró kó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo ra ẹja díndín àti ànàmá, èmi àti Winnie sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Èsì ìbéèrè rẹ nìyí: mi ò ní í kó wá. Ẹ gbé ọmọ sí yàrá yẹn. Bí iléèwé bá gba ìsinmi Àjíǹde, màá wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí yín. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti fẹ́ wọlé padà, ẹ má dá mi dúró, nítorí mo níṣẹ́, mo sì nílé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa gbé ọ ró, kí o má sì ṣe aláìní òrùlé láé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Doreen Hargreaves

Mo gbàgbé: Pauline, tó ń gbálẹ̀ ní báńkì láàárọ̀, wá bá mi lẹ́bàá títì lánàá, ó ń sọ ọ̀rọ̀ owó ilé tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lọ́la ni màá mú un lọ bá Shazia. Mo ní kó sọ̀rọ̀ sókè, òṣìṣẹ́ ni.