Àwọ̀ Tó Bá Àbúrò Ọkọ Mi Mu

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláwọ̀ kó dé ṣọ́ọ̀bù wa lónìí. Ọ̀gá wa háyà ojú fèrèsé fún un, ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Wọ́n tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dígí gàgàrà kan, àga kan, aṣọ pélébé ogójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀: kó ta aṣọ sábẹ́ àgbọ̀n èèyàn, kó wo ojú ẹ̀, kó sọ ìgbà tó jẹ́ nínú ọdún — ìrúwé, oòrùn, ìwọ́wé, òtútù — àti àwọ̀ tó yẹ ẹ́. Búláòsì mẹ́ta ni mo máa rán kí n tó rí owó tó ń gbà lórí ẹnì kan. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àwọn èèyàn sì tò.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí ọwọ́ bá ń ṣẹ́ etí aṣọ, ojú lè máa kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gbọdọ̀ sí páúdà, kò gbọdọ̀ sí iná. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan. Funfun ló ń kọ́kọ́ ta, torí funfun kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Aláwọ̀ ní bí mo bá rí yẹ́lò lójú ẹnì kan tí aṣọ kankan ò lè gbé kúrò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀, kí n ní kó máa lọ sílé ìwòsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo bá Aláwọ̀ ṣẹ́ etí aṣọ mẹ́wàá, ó fi yẹ̀ mí wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ́wé ni mí. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ irin tó dógùn-ún. Ojú mi tàn bí ojú ẹni tó sùn dáadáa. Ló bá gbé búlúù sí i. Olúwa ò! Òkú tí wọ́n gbàgbé láti sin.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wọ búlúù. Ta ló ní kí n máa wọ̀ ọ́? Adúmáadán, àbúrò ọkọ mi. Wọ́n bí i kí n tó wọlé wọn, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀, ni mo fi sọ ọ́ ní Adúmáadán. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ — èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀ ló já aṣọ lé mi lọ́wọ́: “Ìyàwó wa, búlúù ni tìẹ.” Mo gbà á bí òfin.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo kó fọ́tò ẹbí sílẹ̀. Mẹ́rìnlá. Adúmáadán ń dán nínú gbogbo ẹ̀. Èmi, eérú, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

Adúmáadán wá sílé. Ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ ẹ̀ kú. Bíríkìlà kan ń fẹ́ ẹ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ bíríkìlà ò fẹ́ ìyá míràn. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. “Ìyàwó wa, bá mi bẹ Aláwọ̀ kó dín owó.” Mo ní kí lẹ fẹ́ náwó sí? Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé yìí, Aláwọ̀ ò ní sí níbẹ̀, èmi á ṣe é fún yín.

Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ fún un. Búlúù kan wà nínú ẹrù Aláwọ̀ tó lè sọ ọmọ ìkókó di arúgbó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Adúmáadán jókòó sójú fèrèsé. Mo nu páúdà ojú ẹ̀. Mo ta funfun.

Ẹyinjú ẹ̀ pọ́n yẹ́lò. Mo pa aṣọ dà, yẹ́lò ò yí padà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ara ń yún òun, ó ń rẹ òun, oúnjẹ ò wu òun.

Mo gbé búlúù mi sí i. Ẹyinjú yẹn tàn bí gílóòbù. Bó bá wọ èyí jáde, afọ́jú á béèrè ohun tó ń ṣe é. Wọ́n á gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwà ìkà tí mo ti múra sílẹ̀ fẹ́ di oore mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo bi í pé kí ló rí lára mi nígbà yẹn tó fi yan búlúù fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mo mọ̀? Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn.”

Kò tiẹ̀ rò ó. Ọdún mọ́kànlélógún!

Mo ká búlúù kúrò. Mo ta àwọ̀ irin tó dógùn-ún. Yẹ́lò náà sá wọnú ẹ̀, ó pòórá. Ojú ẹ̀ rọ̀, ó tutù, ó lẹ́wà. “Ìyàwó wa! Èmi rèé?” Ó dì mọ́ mi. Mo ní ara tó ń rẹ yín, ayọ̀ ọkọ tuntun ni, ẹ sinmi.

Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Àwọn ọmọ bíríkìlà gbà á. Adúmáadán fún wa ní fọ́tò ọjọ́ náà. Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀, àwọ̀ irin tó dógùn-ún. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Adúmáadán ṣubú. Ilé ìwòsàn. Wọ́n fa aṣọ funfun dé àgbọ̀n ẹ̀, ni gbogbo wọn wá rí yẹ́lò náà. Dókítà ní ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé e wá, wọn ì bá gbà á là. Ó ní: “Ṣé kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹ̀ nínú ilé ni?”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Àárọ̀ yìí ló kú.

Ọjọ́rú, 9

Ọkọ mi ní Adúmáadán ti sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì pé èmi ni kí n yan aṣọ tí wọ́n máa fi sin òun, pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tó bá òun mu.

Mo yan búlúù.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Ọkọ mi mú fọ́tò Adúmáadán yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ fi sí férémù. Aláwọ̀ gbà á, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ta ló yan àwọ̀ yìí fún un?”

Ọkọ mi ní: “Ìyàwó mi ni.”

Aláwọ̀ ní ẹni tó bá dú tó ń dán báyìí, òtútù ni, àwọ̀ yìí kì í ṣe tiẹ̀. Kò lè bá a mu tó báyìí, àfi bí yẹ́lò bá ti gba ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá kọjú sí mi. “Ẹni tó bá sì rí yẹ́lò náà nìkan ló lè mọ̀ ọ́n yàn.”

Mo ń bá ẹ̀rọ mi lọ. Òwú já. Mo tún un ki bọ abẹ́rẹ́. Ó tún já.

Ọkọ mi ò pariwo. Ó rọra gbé àga Aláwọ̀ sójú fèrèsé, ó dojú ẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó, kí òun wo ojú mi dáadáa.