Aṣọ Tó Há Sínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Dúdú mi, ọmọ ìyá rẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti dẹwọ́ díẹ̀, ṣé àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ ti yéé wọ́ àga kiri? Ọlọ́run tó dá ẹ sí di òní kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wàá jáde ire, wàá wọlé ire. Ní tèmi, mo wà. Mo ń jẹun, àmọ́ kì í dùn, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí i, ìyá rẹ ò sì sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò bú mi. Adìẹ dúdú yẹn ti pamọ. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ tí o rà fún ìyá rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ nígbà ìsìnkú, ojú ń tì mí, ilé sì kún. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá rẹ, ó ti kó aṣọ sínú ẹ̀rọ náà, ó ń yí. Nígbà tí a gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sọ́síbítù, ó di ọwọ́ mi mú, mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ló fẹ́ bá mi sọ, àṣé aṣọ ló ń rò. Ó ní tí mo bá délé kí n kó o jáde, kí n sá a sóòrùn, kí n má jẹ́ kó rùn síbẹ̀. Dúdú, ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Èmi nìkan ni mo padà wálé, mo lọ síbi ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣí.

Mo bẹ ẹ̀rọ náà o. Mo kan ilẹ̀kùn, mo fà á, mo sọ fún un pé ìyá rẹ ló rán mi. Omi ti tán nínú rẹ̀, mo fojú ara mi rí i tó ṣàn lọ sínú gọ́tà, síbẹ̀ ó ń kùn, ó ń fa omi tí kò sí. Mo yọ wáyà rẹ̀, ó dákẹ́, mo tún kì í bọ ojú iná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ará ilé kejì wá ní gbogbo nǹkan ayé ìsinsìnyí, inú fóònù ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ẹ́ lọ́jọ́ tí o wà nípàdé. Mo ti gbé fóònù ti ẹ̀rọ náà lára kí o lè sọ fún un pé kó ṣí, ìwọ lo kúkú rà á, ohùn rẹ ló yẹ kó mọ̀. O ń ké hẹ́lò hẹ́lò, o ní ariwo pọ̀, o gé e. Mo dúró díẹ̀, bóyá ó gbọ́. Kò gbọ́.

O wá dé fún ìsìnkú, o wọ yàrá rẹ, o rí bẹ́ẹ̀dì níhòòhò, fóòmù lásán, o sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. O ní ó jọ pé ìyá rẹ ò tiẹ̀ retí ẹ mọ́, torí gbogbo ìgbà tí o ti ní o ń bọ̀ tí o ò wá. O gbé báàgì rẹ lọ sílé àǹtí rẹ, ilẹ̀ mọ́, o ti lọ. Èmi náà ò mọ ibi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, mo sì mọ̀ pé kò tíì kúrò lọ́kàn tìẹ náà.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Wọ́n ní kí n fi òkúta fọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Mo ní ohun tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ tì, mi ò ní fi òkúta ṣí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n bá mi wá Ìyá Wáyà, obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá ibùdókọ̀. Mo bi í pé ọkọ rẹ̀ tó ni iṣẹ́ ńkọ́, ó ní aṣọ ni ọkọ òun ń rán. Ó ṣí orí ẹ̀rọ, ó fi súwíìṣì pẹlẹbẹ kan hàn mí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ìsàlẹ̀ wá so mọ́ ọn. Ó ní bí omi bá ń kún, á ti afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà yẹn lọ bá súwíìṣì, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀. Bí omi bá lọ, afẹ́fẹ́ á padà, á mọ̀ pé omi ti tán, á sì yọ̀ǹda ilẹ̀kùn. Mo bi í pé ta ló ń sanwó oṣù fún súwíìṣì tó ń ṣọ́ omi tọ̀sán-tòru báyìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó fa rọ́bà yọ, mo gbọ́ kẹ́, gbogbo kíkùn yẹn sì dákẹ́. Ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí súwíìṣì, kẹ́. Ó gbẹ́nu kúrò, kẹ́. Ó ní kò sí ohun tó ṣe súwíìṣì. Ó wá fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, atẹ́gùn ò lọ. Àṣé ìdọ̀tí ọṣẹ ló ti dí i nísàlẹ̀, tó há afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Omi ti lọ tipẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún súwíìṣì.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo sunkún lójú obìnrin olóbìnrin. Ó rò pé owó iṣẹ́ ni, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò ní gba púpọ̀. Mi ò lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni èmi rí, pé láràárọ̀ ni mo ṣì ń gbé omi ìwẹ̀ ìyá rẹ kaná kí n tó rántí.

Ó fi omi gbígbóná fọ rọ́bà náà, ó dá a padà, ó tan iná, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Òórùn tó jáde! Ìyá Wáyà sá sẹ́yìn. Mo bọwọ́ sínú rẹ̀, aṣọ ìyá rẹ ni mo ń retí. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ ni, èyí tí o da yíǹkì sí nígbà ìdánwò, àtàwọn aṣọ ìrọ̀rí rẹ. O ti ní o ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, o rántí? Ó gbà ẹ́ gbọ́. Ó ń retí ẹ, Dúdú.

Ọwọ́ ni mo fi tún wọn fọ̀, mo sì sá wọn sóòrùn bó ṣe ní kí n ṣe. Yíǹkì náà ò lọ.

Jọ̀ọ́, wá nǹkan díẹ̀ fún mi tí mo máa fún Ìyá Wáyà, àti ti ọṣẹ. Má fi sí báńkì o. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀ ní ẹ̀rọ àwọn ò mọ ìka ọwọ́ mi mọ́. Mo ní kí wọ́n yẹ rọ́bà rẹ̀ wò, ó ń wò mí. Àmọ́ tí owó náà bá tó owó ọkọ̀, má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́, wọ ọkọ̀ wálé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ, ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, gbogbo ohun rere tí ìyá rẹ fẹ́ fún ẹ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Tí o bá ti dé, má yà sílé àǹtí rẹ. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ó wọ́ lápá kan, mi ò mọ bí ìyá rẹ ṣe ń ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù, àmọ́ aṣọ ti wà lórí rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.