Ẹsẹ̀ Ẹtù Tó Wọ Ọjà Kábà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní lọ́yà torí àríyànjiyàn orí ẹran ti fẹ́ di lọ́yà lóòótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ òfin ni mo wà báyìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, pé ohun tí èèyàn bá fi orí ara rẹ̀ rò, tó sì fọwọ́ ṣe, tirẹ̀ ni. Ṣebí ìyẹn náà lẹ ń sọ nídìí òfì kí n tó gbọ́njú?

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ẹtù rìn lórí eérú ẹ̀yìn ilé ìdáná? Ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ẹ sáré lọ bá òwú. Ọbẹ̀ jóná, a jẹ iṣu lásán, àmọ́ Ẹsẹ̀ Ẹtù dé sára aṣọ. Gbogbo obìnrin agbo ilé mọ̀ pé ọnà yín ni. Ẹni tó bá fẹ́ mú un lò á kọ́kọ́ wá jókòó sídìí òfì yín, á hun ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ fún yín, kó tó lọ máa hun tirẹ̀ nílé.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo rí i lórí ańkárá lọ́jà Kábà. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Inú bí mi, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí jù, pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ tiẹ̀ hun nǹkan kan láyé yìí.

Mo wádìí títí mo fi rí ọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ l'Ábújá, mo sì fi òfin yé e. Ó wá sílé wa láti bẹ̀bẹ̀. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ òfin sẹ́nu, ni Àǹtí Ràmátù, àbúrò yín, bá fi ọwọ́ tọ́ka sí òfì yín.

"Kó hun ti ìyá rẹ ná."

Bó ṣe jókòó nìyẹn, tòun ti agbádá. Òwú so mọ́ ọn lápá, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Kó tó dìgbà ìrun Asíri nírọ̀lẹ́, ó parí ìwọ̀n apá kan. Ó wọ́ bí ọ̀nà Kírí lásìkò òjò. Ó ní òun ò mọ̀ pé báyìí lẹ ṣe ṣiṣẹ́ tó, ó sì gbà láti kọ orúkọ yín sí etí gbogbo aṣọ náà.

Aṣọ tuntun ti dé. Àwọn oníbàárà ò tilẹ̀ pè é ní Ẹsẹ̀ Ẹtù mọ́, orúkọ yín gan-an ni wọ́n ń pè. Èmi tí n ò pe orúkọ yín rí láyé mi, mo dé iwájú aláṣọ, ẹnu mi wúwo. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní kó gé Àwáwù fún mi.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí Àlùjánnà.

Èmi ni,
Lọ́yà yín, tó ṣì fẹ́ràn ẹran.